Kí ẹ̀rọ tó ń gbọ́ èémí kọ́kọ́ gbọ́ èémí tiwa: lẹ́tà ṣíṣí sí Kọmíṣọ́nà fún Ètò Ìlera ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Sí Kọmíṣọ́nà fún Ètò Ìlera,
Ilé Iṣẹ́ Ètò Ìlera, Ìpínlẹ̀ Oǹdó,
Alágbàká, Àkúrẹ́.

Ọlọ́lá, ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Àwa tí a kọ lẹ́tà yìí jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ àti òṣìṣẹ́ ìlera tó ń ṣiṣẹ́ lórí ohùn èémí: bí a ṣe ń gbà á sílẹ̀, bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kà á, àti ibi tó ti máa ń ṣì í kà. Ẹ̀rọ AI (kọ̀ǹpútà tó ń fi àpẹẹrẹ kọ́ṣẹ́) tó ń gbọ́ àyà, tó sì ń sọ bóyá ẹ̀dọ̀fóró ní àrùn, ti dé orí àtẹ. Bí àwọn tó ń tà á kò bá tíì kan ilẹ̀kùn yín, wọ́n ń bọ̀. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ má rà á fún ibùdó ìlera alábọ́dé kankan nínú ìjọba ìbílẹ̀ 18 tó wà ní ìpínlẹ̀ yìí, àfi lẹ́yìn tí a bá ti dán an wò lára àwọn ènìyàn wa, láàárín ariwo wa, ní ọwọ́ àwọn CHEW wa, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò.

A kò bá ẹ̀rọ náà ṣọ̀tá. UNICEF àti àwọn àjọ tó ń bá a ṣiṣẹ́ ṣírò pé ní 2018, àwọn ọmọ tí òtútù àyà pa ní Nàìjíríà kí wọ́n tó pé ọdún 5 tó 162,000. Kò sí orílẹ̀-èdè tí tirẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà. Òtútù àyà tí à ń wí yìí kọjá èyí tí ìyá ń fi róòbù pa lọ́yẹ́. Àrùn ló wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, tí omi àti ọyún gba ibi tó yẹ kí afẹ́fẹ́ wà, tí ọmọ ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, tí abẹ́ egungun ìhà rẹ̀ ń wọnú. Ní abà kòkó lọ́nà Ìdànrè tàbí létí omi ní Ìlàjẹ, CHEW kan ṣoṣo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń bá. Kò sí X-ray níbẹ̀, dókítà sì jìnnà. Bí a bá rí etí kejì tó lè ràn án lọ́wọ́, a ó dúpẹ́.

Àmọ́ ó yẹ ká mọ ohun tí etí náà ń gbọ́. Láti 1816 tí René Laennec, dókítà kan ní Paris, ti ká bébà bí ọ̀pá, tó sì gbé e lé àyà aláìsàn kan, ni àwọn dókítà ti ń fi ọ̀pá gbọ́ àrùn. Ọ̀nà náà ni AI ṣì ń tọ̀. Máìkì kékeré wà nínú orí stethoscope, irinṣẹ́ tí a ń gbé lé àyà, fóònù gba ohùn náà sílẹ̀, kọ̀ǹpútà sì sọ ohùn di àwòrán: àkókò ń lọ láti òsì sí ọ̀tún, ohùn tó ga wà lókè, ohùn tó rẹlẹ̀ wà nísàlẹ̀. Nínú àwòrán yìí, àyà tó ń súfèé máa ń fa ìlà gbọọrọ bí òwú tí a nà láti ògiri dé ògiri, ìlà náà sì máa ń gùn tó millisecond 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ (millisecond 1,000 ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan). Àyà tó ń ta pàrà-pàrà bí iyọ̀ nínú iná máa ń fi ìlà ṣánṣán-ṣánṣán hàn, bí ẹni kọ pélé. Èyí tó tín-ín-rín jù nínú wọn kò ju nǹkan bíi millisecond 5 lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ti ń kọsẹ̀. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá gé ohùn sí ègé tó gùn, ká ní millisecond 60, pàrà tí kò ju 5 lọ yóò rì sínú rẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì ní òun kò gbọ́ nǹkan kan. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ lè bi ẹni tó ń tà á nìyẹn: ègé ohùn yín gùn tó mélòó?

Ìbéèrè kejì ló wúwo jù: àyà ta ni ẹ̀rọ yín fi kọ́ṣẹ́?

Àkójọ ohùn tí ọ̀pọ̀ olùwádìí ń lò ni èyí tí wọ́n gbé jáde fún ìdíje kan ní ICBHI, ìpàdé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ìlera, ní 2017. Ohùn 920 ló wà nínú rẹ̀, láti ara aláìsàn 126, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ wákàtí 5 àbọ̀. Pọ́túgà àti Gíríìsì ni wọ́n ti gbà á. Nínú 920 yẹn, 793 jẹ́ ti COPD, àrùn tó ń dí ọ̀nà èémí díẹ̀díẹ̀ tí kì í sì í lọ mọ́. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: ẹ̀rọ tó di etí pátápátá, tó kàn ń dáhùn "COPD" fún gbogbo ẹni tó bá wọlé, yóò gba máàkì 86 nínú 100. Bí ẹnìkan bá gbé 86 síwájú yín, ẹ rántí adití yìí.

Ohun kejì tó ń sọ máàkì di ńlá ni pé aláìsàn kan lè ní ohùn tó pọ̀ nínú àkójọ náà, iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́. Bí wọ́n bá da ohùn pọ̀, tí wọ́n wá pín in sí méjì láìwo ẹni tó ni ín, aláìsàn kan náà yóò wà nínú ohun tí ẹ̀rọ fi kọ́ṣẹ́ àti nínú ìdánwò. Ẹ̀rọ á dá ẹni náà mọ̀, á wá dà bíi pé àrùn ló dá mọ̀. Ẹ̀kẹta, irinṣẹ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi gba àwọn ohùn yẹn, olúkúlùkù pẹ̀lú ìró tirẹ̀. Bí irinṣẹ́ kan bá pọ̀ lọ́wọ́ àwọn aláàrùn kan, irinṣẹ́ ni AI yóò kọ́. Àwọn tó tẹ̀lé ìpín tí àwọn olùgbékalẹ̀ ìdíje náà là sílẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ ti gbọ́dọ̀ ya èémí tó dáa sọ́tọ̀ kúrò lára súfèé, pàrà-pàrà àti àpapọ̀ méjèèjì, wọ́n sábà máa ń wà láàárín 50 sí 65 nínú 100. Ohùn kan náà ni àwọn tó da ohùn pọ̀ lò tí máàkì wọn fi ga ju bẹ́ẹ̀ lọ o. Bí wọ́n ṣe pín in wà lára ohun tó mú kí èsì yàtọ̀.

Kò sí ilé ìwòsàn ilẹ̀ Áfíríkà kankan nínú àkójọ náà. Obìnrin tó ti fi ogún ọdún yan ẹja lórí èéfín ní Ìlàjẹ kò sí níbẹ̀, ẹni tó ń fi igi dáná nínú ilé ìdáná tí kò ní fèrèsé kò sí níbẹ̀, ẹni tí ikọ́ ife ti fi àpá sí ní ẹ̀dọ̀fóró láìtọ́jú kò sí níbẹ̀.

Wọ́n lè sọ fún yín pé ẹ̀rọ ìsinsìnyí ti gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Òótọ́ ni. HeAR tí Google gbé jáde ní 2024 kọ́ṣẹ́ lórí ègé ohùn tó tó mílíọ̀nù 300, ìṣẹ́jú àáyá 2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pípọ̀ ohùn dára, kò sì tán ìṣòro. Nígbà COVID-19, àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ohùn ènìyàn 67,842 kí AI lè fi mọ ẹni tó ní àrùn náà. Lákọ̀ọ́kọ́, AI gba 0.846 lórí òṣùwọ̀n AUC, níbi tí 0.5 ti jẹ́ ẹni tó ń ju owó wẹ́wẹ́ sókè láti fi mọ ìdáhùn, tí 1 sì jẹ́ aláìṣìnà. Ìgbà tí wọ́n wá fi ẹni tó ní COVID-19 wé ẹni tí kò ní in, tí àmì àìsàn àwọn méjèèjì sì jọra, 0.846 já wá sí 0.619. Àbájáde wọn, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2024, ni pé ẹ̀rọ náà kò mọ̀ ju kéèyàn béèrè lọ́wọ́ aláìsàn pé kí ló ń ṣe ọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo yàrá àyẹ̀wò kan láàárọ̀ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àwọn ìyá jókòó lórí bẹ́ǹṣì, páànù ni òrùlé, jẹnẹrétọ̀ kékeré ń pariwo lẹ́yìn ògiri kí fíríìjì àjẹsára má baà gbóná. Jẹnẹrétọ̀ yẹn ń yí ní nǹkan bí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ariwo rẹ̀ á dúró sí 50 hertz, 100, 150, 200, bí ẹni ń gun àkàbà, ní agbègbè kan náà tí ohùn ọkàn àti èémí wà. Èyí ṣì ṣeé yọ, torí ó dúró lójú kan. Ẹkún ọmọ ló le. Ẹkún ìkókó sábà máa ń wà láàárín 300 sí 600 hertz, ó sì máa ń fa ìlà gbọọrọ nínú àwòrán gẹ́gẹ́ bí àyà tó ń súfèé. Ẹ̀rọ tí a kò kọ́ ní ẹkún yóò pe ọmọ tó kàn ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ ní alásímà. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, kí CHEW gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ títí yóò fi dá, torí ariwo òjò ń bo ohun gbogbo láti ìsàlẹ̀ dókè. Aṣọ náà ń parọ́: orí stethoscope tó bá ha léèsì tàbí ańkárá ń ta pàrà-pàrà tó lè tan dókítà gan-an jẹ, áńbọ̀sìbọ́sí ẹ̀rọ.

Ìdí nìyí tí ọwọ́ tó di ẹ̀rọ mú fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Kí a pa fáànù, kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé. Kí ìyá gbé ọmọ jókòó lẹ́sẹ̀, kí ẹ̀yìn ọmọ nà, kí a bọ́ aṣọ rẹ̀; ọmọ tó bá ń sunkún, kí ìyá fún un lọ́yàn kí ó dákẹ́ ná, kí a gbà á ní ẹnu rẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀, torí ohùn ọmú mímu náà ń wọlé. Kí CHEW fi àtẹ́lẹwọ́ mú orí stethoscope móoru, kí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò fi ní ráyè sá láàárín rẹ̀, kí ìka rẹ̀ má sì ṣí kúrò. Ojú ibi 6 ni a ó gbọ́: òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn lọ́tùn-ún lósì, àti iwájú lọ́tùn-ún lósì, ìṣẹ́jú àáyá 15 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àgbàlagbà tó ń mí ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan yóò ti mí ìgbà 3 sí 5 láàárín 15 yẹn. Kí ó ya ẹnu, kí ó mí jinlẹ̀ díẹ̀, kí ó sinmi láàárín ojú ibi kan sí èkejì kí òòyì má baà kọ́ ọ. Ẹni tó bá ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, ìta gbangba ni ká ti gbọ́ tirẹ̀, nítorí ikọ́ ife ń gba inú afẹ́fẹ́ ràn. Kí a fi ọtí ìpakòkòrò 70 nínú 100 nu orí ẹ̀rọ kí ó tó kan ẹlòmíràn.

Fóònù fúnra rẹ̀ ń ṣe àkóbá. Wọ́n ti ṣe é kí ó máa pa ariwo tó bá wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀, lójú rẹ̀, èémí kò yàtọ̀ sí ariwo, á sì pa á rẹ́. Ohùn tí a bá sì fi ránṣẹ́ bíi voice note lórí WhatsApp ti di fífún pọ̀. Pàrà-pàrà ló máa ń kọ́kọ́ sọ nù. Kí àdéhùn sọ ọ́ pé kí a gba ohùn sílẹ̀ ní WAV (irú tí a kò fún pọ̀), bit 16, ó kéré tán ìwọ̀n 4,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí a sì pa gbogbo àtúnṣe ohùn inú fóònù. Ojú ibi 6 fún ènìyàn kan á jẹ́ nǹkan bí 720 kilobyte, kò pé megabyte kan. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ohùn tó péye ti wúwo jù fún dátà wa, ìṣirò náà kò gbè é. Síbẹ̀, inú fóònù ni ìpinnu gbọ́dọ̀ ti wáyé, láìdúró de íntánẹ́ẹ̀tì, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì etí omi kì í dúró.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù lọ ni àyà tó dákẹ́. Kí àyà tó lè súfèé, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa kọjá. Nígbà tí ásímà bá le dé ojú ikú, ọ̀nà èémí á dí débi tí afẹ́fẹ́ kò fi ní kọjá tó, súfèé á sì dáwọ́ dúró. Omi tó bá yí ẹ̀dọ̀fóró ká náà ń pa ohùn. Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́ pé súfèé àti pàrà-pàrà ni àrùn yóò gbé etí lé irú àyà yìí, kò ní gbọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì, yóò sì tan iná aláwọ̀ ewé. Ẹni tó sún mọ́ ikú jù ni yóò sọ fún pé ara rẹ le. A kò lè gba ẹ̀rọ kankan tí kò ní ìdáhùn kẹta: "Èmi kò gbọ́ ohùn tó tó, ẹ wo aláìsàn yìí fúnra yín."

Fún ìdí yìí, ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ gba ipò kíka èémí. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé kò yí padà: ká ka èémí ọmọ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kì í ṣe ìlàjì ìṣẹ́jú tí a wá sọ di méjì. Bí ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2 bá mí tó 60, kó mí tó 50 fún ọmọ oṣù 2 sí 11, kó mí tó 40 fún ọmọ ọdún 1 sí 5, èémí rẹ̀ ti yára jù. Lẹ́yìn èyí, ká há pulse oximeter, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀, sí ìka: bí atẹ́gùn bá ti wà lábẹ́ 90 nínú 100, atẹ́gùn ló kù tí ọmọ náà nílò, ká sì gbé e lọ. Kí a nu làálì tàbí ọ̀dà èékánná kúrò ná. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní 2020 tún fi hàn pé oximeter máa ń pọ́n atẹ́gùn àwọn aláwọ̀ dúdú ju bó ṣe wà gan-an lọ, nítorí náà 91 tàbí 92 lára ọmọ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ kò tó ohun tí a fi ń sùn. Ohùn èémí kò lè sọ iye atẹ́gùn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ti ikọ́ ife náà, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni GeneXpert, ẹ̀rọ tó ń ṣàwárí ikọ́ ife, ń yẹ̀ wò. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí ní 2021 ni pé kí kọ̀ǹpútà máa ka X-ray àyà àwọn tó ti pé ọdún 15 sókè. Ìmọ̀ràn yẹn kò kan ohùn èémí.

Ẹ jẹ́ ká tún wo iye tí àṣìṣe lè ná wa. Ká ní ọmọ 1,000 wá, tí 50 nínú wọn ní òtútù àyà. Ká ní ẹ̀rọ náà dára gan-an, tó ń mú 90 nínú gbogbo 100 aláàrùn, tó sì ń dá 80 nínú gbogbo 100 ọmọ tí ara wọn dá sílẹ̀. Yóò mú 45, yóò fi 5 sílẹ̀. Nínú 950 tí ara wọn dá, yóò nàka sí 190. Ọmọ 235 ni yóò wà lórí ìwé aláàrùn, 45 péré ló ní in lóòótọ́, nǹkan bí ọ̀kan nínú márùn-ún. Àwọn 190 yẹn yóò gbé amoxicillin tí wọn kò nílò mì, tàbí kí àwọn òbí wọn san owó ọkọ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀ tàbí Àkúrẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì tàbí lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá kò ní gbà gbọ́ mọ́, ìgbà tí ẹ̀rọ bá wá sọ òótọ́ ni kò ní lọ.

Ìdánwò tí à ń béèrè fún ṣeé ṣe níhìn-ín. Yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, UNIMED, wà ní Oǹdó, ti ìmọ̀ ẹ̀rọ, FUTA, wà ní Àkúrẹ́, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ọ̀wọ̀. Kí CHEW máa gba ohùn sílẹ̀, kí ẹ̀rọ máa dáhùn, àmọ́ kí ìdáhùn rẹ̀ wà ní ìpamọ́, kí ìtọ́jú ọmọ sì máa lọ bí ìlànà ṣe wí. Kí olùgbọ́ mẹ́ta tó dáńtọ́ fetí sí ohùn kọ̀ọ̀kan láìmọ ohun tí ẹlẹgbẹ́ wọn sọ, torí àwọn dókítà gan-an kì í sábà fẹnu kò lórí pàrà-pàrà. Kí a tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀rọ tó pe ara rẹ̀ ní 90 kò yẹ̀ ju 5 lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, a nílò ọmọ 139 tí àrùn náà wà lára wọn ní tòótọ́. Bí ó bá jẹ́ 50 nínú 1,000 ló ní in, ọmọ 2,780 ni a ó gbọ́. Kó kan ìlú àti abà, Àkókó àti Ìlàjẹ, kó sì gba ìgbà òjò kọjá sínú ọyẹ́, nítorí ikọ́ ọyẹ́ àti ariwo òjò kò jọra. Ìpínlẹ̀ tó fi ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ́rẹ̀ nìkan bẹ̀rẹ̀ Àbíyè, ètò ìtọ́jú aláboyún àti ọmọdé, ní 2009 mọ bí a ṣe ń dán nǹkan wò níbì kan kí ó tó tàn ká.

Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ dátà tó nílò ìṣọ́ra jù lọ. Ohùn àyà sì máa ń gbé ohùn ẹnu wọlé: ìyá á dárúkọ ọmọ, nọ́ọ̀sì á dárúkọ àrùn. Kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí ní èdè tó gbọ́, kó lè kọ̀ kí wọ́n sì tọ́jú ọmọ rẹ̀ síbẹ̀. Kí ohùn àwọn ènìyàn wa má di ọjà tí ilé-iṣẹ́ kan yóò tún padà wá tà fún wa. Kí ìwé àdéhùn sọ ẹni tó ni ín, ibi tí yóò wà, àti pé ilé-iṣẹ́ kò ní yí AI inú fóònù padà lóru láìsí ìdánwò tuntun.

Ohun kan wà tí ẹ lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí láìná owó púpọ̀. Ẹ ránṣẹ́ sí gbogbo ibùdó ìlera alábọ́dé kí wọ́n ka pulse oximeter tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, èyí tó há ìka ọmọdé dáadáa, kí wọ́n ka aago tí wọ́n fi ń ka èémí, kí wọ́n ka agolo atẹ́gùn tó kún. Kí ìwé yẹn wà lórí tábìlì yín kí ẹni tó ń ta AI tó jókòó.

Àwa ni tiyín,
Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àti òṣìṣẹ́ ìlera tó ń ṣiṣẹ́ lórí ohùn èémí,
Àkúrẹ́.